Géèmù Káàdì Tó Ń Mówó Wọlé: Èló Ló Dé Ọwọ́ Yín?

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í ṣe ti ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó àti oorun ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín pé, “Mi ò kàn ń ṣeré lásán o, owó ni mò ń pa nídìí fóònù yìí.” Kí ẹ tó jágbe mọ́ ọn, tàbí kí ẹ tó ṣí pọ́ọ̀sì yín fún un, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nínú ìdílé kan ládùúgbò wa n’Íbàdàn.

Tíṣà ni bàbá wọn, ìyàwó ẹ̀ ń ta aṣọ ọmọdé, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ìyá tó bí bàbá náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Màmá àgbà yìí ti ta àlùbọ́sà ní Bódìjà fún ọdún gbọọrọ kí orúnkún tó ní kí wọ́n jókòó sílé. Àkọ́bí wọn, tó wà ní yunifásítì, ló mú géèmù tí wọ́n ń pè ní Splinterlands wọlé lápá ìparí ọdún 2021.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ta wọ́ọ̀tì rí, kò ní í ṣòro fún yín láti mọ bó ṣe ń lọ. Káàdì ni, àmọ́ inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló wà. Ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀, Steem Monsters ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Èèyàn á yan olórí ogun kan, á to àwọn ẹ̀dá abàmì sẹ́yìn ẹ̀, ẹnì kejì náà á to tiẹ̀, àwọn káàdì á wá máa bára wọn jà fúnra wọn. Ẹni tí ọmọ ogun tiẹ̀ bá ṣẹ́ kù ló jàre. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé bí ẹ bá ta wọ́ọ̀tì tán, ẹ óò kó káàdì padà sínú páálí. Káàdì ti ibí yìí, ẹni tó rà á ló ni ín. Ó lè tà á, ó lè fi háyà fún ẹlòmíràn, ó sì lè pa àwọn tó jọra pọ̀ kí wọ́n lè di ọ̀kan tó lágbára. Ohun tó jẹ́ kíyẹn ṣeé ṣe ni blockchain, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé jọ ń tọ́jú, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan ò lè dá pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Hive lorúkọ èyí tí géèmù yìí bọ́ sí lọ́dún 2020.

Ọ̀fẹ́ lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó lè rí èrè nígbà náà, ó ní láti ra ìwé kan ní dọ́là mẹ́wàá. Ọmọ yìí rà á. Kò pẹ́ tó fi yí màmá ẹ̀ lọ́kàn padà, obìnrin náà yọ nínú owó àjọ ẹ̀, wọ́n sì ra káàdì àádọ́ta dọ́là kún un. Nígbà tó di February 2022 tí àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì olóṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wá di ti gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe é lọ́sàn-án, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ń gbà á lálẹ́, bàbá fúnra wọn ń ṣe é bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò ní ìpele Bronze bọ́ sí Silver, ariwo tí wọ́n pa, a rò pé Super Eagles ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Màmá àgbà ló béèrè ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa béèrè. Wọ́n ní, “Ẹ̀ ń pariwo pé ẹ ti pa á, ẹ ti pa á. Èló ló ti dé ọwọ́ yín?” Wọ́n fi nọ́ńbà inú fóònù hàn wọ́n. Màmá ní òun ò bi wọ́n ní nọ́ńbà, owó lòun ń bi. Wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé wá, kí wọ́n fa ìlà sí i láàárín: apá kan fún owó tí wọ́n tà tó dọwọ́, apá kejì fún owó tó jáde, kí wọ́n sì kọ agogo tí kálukú sùn sísàlẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni sáà kan nínú géèmù náà. Ní sáà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, èrè tí wọ́n tà jẹ́ ₦1,850. Dátà gba ₦1,000, lítà bẹntiróòlù méjì tí wọ́n rà sí jẹnẹrétọ̀ gba ₦330. Ó ku ₦520. Èèyàn mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Mi ò ní kí ẹ rẹ́rìn-ín o, ₦520 sàn ju òfo lọ, àmọ́ bàbá wọn sọ fún mi pé àwọn ò lè wojú ìyá àwọn lọ́jọ́ náà.

Owó náà gan-an ò rọrùn láti gbà. Láti February 2021 ni Báńkì Àpapọ̀ ti kìlọ̀ fáwọn báńkì pé kí wọ́n jìnnà sí okòwò owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, December 2023 ni wọ́n tó dẹ okùn náà. Ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí ni ọmọ náà ti ń tà á. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fi àláàtì ayédèrú ránṣẹ́, ọmọ ò yẹ àkáǹtì ẹ̀ wò kó tó yọ̀ǹda ọjà, bí ₦7,000 ṣe lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, iye tó wà nínú àkáǹtì gan-an ni kí wọ́n máa wò, kì í ṣe mẹ́sẹ́ẹ̀jì.

Lọ́dún 2022 yẹn náà ni ọjà owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì wó káàkiri ayé. Ẹ wo géèmù mìíràn tó ń jẹ́ Axie Infinity, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Philippines fi jẹun nígbà àrùn Kòrónà. Owó tí wọ́n ń pa nínú ẹ̀, tí ẹyọ kan ju 30 sẹ́ǹtì lọ lọ́dún 2021, kò tó sẹ́ǹtì kan mọ́ nígbà tí 2022 fi máa parí. Ní March 2022 sì rèé, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti jí ohun tó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là kó níbi tí géèmù náà ń kó owó gbà.

Ibi tó ń tan òbí jẹ jù wá ni náírà. Lọ́dún 2024, bàbá wọn ṣírò gbogbo káàdì wọn, ó jẹ́ 20 dọ́là. Wọ́n wọ̀ ọ́ sí náírà ní ₦1,500, ó jẹ́ ₦30,000. Wọ́n wá ń dunnú pé ₦30,000 náà làwọn kúkú fi sílẹ̀ lọ́dún 2021, nígbà tí dọ́là wà ní bíi ₦500, pé owó àwọn ò dín. Màmá àgbà ní kí wọ́n gbé owó náà lọ sọ́jà. ₦30,000 tó ń ra odindi àpò ìrẹsì lọ́dún 2021 kò lè ra ìlàjì àpò mọ́. Wọ́n dákẹ́ ni.

Èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti ọmọkùnrin kejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Nínú ìwé màmá àgbà, agogo kan òru, agogo méjì òru ló kún abẹ́ orúkọ ẹ̀. Ó ń tòògbé ní kíláàsì, orí ń fọ́ ọ, ojú ń ta á. Ọmọ ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ nílò oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lálẹ́ kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi àìlèkóra-ẹni-níjàánu nídìí géèmù kún àkójọ àìsàn wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá ń ṣe géèmù ló ní in o. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ti fi oúnjẹ, ẹ̀kọ́ àti ọ̀rẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀, tí kò sì lè jáwọ́ fún oṣù púpọ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ti ojú, kí wọ́n máa gbójú kúrò lára fóònù ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n wo ọ̀ọ́kán díẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá ń bá wọn ṣe é, tiyín náà ni.

Òfin tí màmá àgbà ṣe ni pé bó bá ti di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, gbogbo fóònù á wọ yàrá àwọn. Wọ́n tún gba ìwé tí wọ́n kọ àwọn kọ́kọ́rọ́ Hive sí, wọ́n tì í mọ́ àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìsíìtì ilẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn o, torí kọ́kọ́rọ́ yìí ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan wà fún ṣíṣeré, òmíràn wà fún kíkó owó, èyí tí wọ́n fi ń ṣeré nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bí gbogbo ẹ̀ bá sọnù, kò sí báńkì tí ẹ fẹ́ gbà lọ.

Wọn ò ta káàdì wọn. Bàbá fi díẹ̀ háyà fáwọn ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n ti jáde yunifásítì, ó ti ríṣẹ́. Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin nìkan ló ṣì ń ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbẹ́ màmá àgbà ló máa ń jókòó sí. Òun náà ló ń kọ ìwé báyìí, torí ojú màmá ò ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí mo yà lọ́dọ̀ wọn láìpẹ́ yìí, ó fi ìlà tó kẹ́yìn hàn mí: owó tó wọlé, kò sí, dátà, ₦500, agogo mẹ́sàn-án la sùn.