Ìka Kò Dọ́gba: Ẹ Yé Fún Gbogbo Sárésáré Ní Iṣẹ́ Kan Náà

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n rán mi lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ girama kan láti wo bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ fún ìdíje. Olùkọ́ eré ìdárayá fọn fèrè, ó ní kí gbogbo ọmọ sá yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọmọbìnrin tí yóò sá eré onímítà 100 wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin tí yóò sá onímítà 5,000 wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fò sínú yanrìn náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó pẹ́ dé fi méjì lé e, gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Mo kọ ìròyìn náà, mo sì yin olùkọ́ náà pé ó le. Lónìí, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Àṣìṣe gbáà ni irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán iṣan kan wà nínú ara tó ń yára ṣiṣẹ́, tó sì lágbára, ṣùgbọ́n tó tètè ń rẹ̀. Òmíràn ń lọ́ra, ṣùgbọ́n ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìwọ̀n tí oníkálukú ní nínú wọn kò dọ́gba. Ẹni tó fẹ́ yára gbọ́dọ̀ sáré kúkúrú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kí ó sì sinmi dáadáa kí ó tó tún sá òmíràn. Bí àárẹ̀ bá ti mú un, kì í ṣe eré àsápajúdé ni ara rẹ̀ ń kọ́ mọ́. Bí a ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ ló ń kọ́.

Egungun ẹ̀yìn Usain Bolt ti Jàmáíkà kò tọ́ láti kékeré, ìpalára sì dààmú rẹ̀ gan-an nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ Glen Mills, olùkọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń fún ẹ̀yìn àti ikùn rẹ̀ lókun di dandan. Ní ọdún 2009, ní Berlin, ó sá mítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9.58. Ní ọdún 2019, ní Vienna, Eliud Kipchoge ti Kẹ́ńyà sá kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ láàárín wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Ká ní àwọn méjèèjì wà lórí pápá wa lọ́jọ́ náà, yípo mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọn ìbá gbà!

Àwọn kan yóò ní kò sówó. Ṣé owó ìwé kékeré kan ni kò sí? Fóònù ọwọ́ olùkọ́ gan-an ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Kí ó kọ iye àkókò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi sá eré kúkúrú àti gígùn, bí èémí rẹ̀ ṣe tètè ń balẹ̀ sí, àti ibi tó ń dùn ún. Àwọn mìíràn yóò ní inú ìyà yìí náà ni àwọn akọni wa ti jáde. Àwọn tó yè bọ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Ta ló ka àwọn ọmọ tí iṣan wọn ya, tí wọ́n sì fi pápá sílẹ̀ láìdágbére?

Ẹ̀yin aláṣẹ eré ìdárayá ní àwọn ìpínlẹ̀ wa, ẹ pa á láṣẹ: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kí a sì yé fi eré sísá jẹ ọmọ níyà. Télọ̀ gidi kì í ti àlùmọ́gàjí bọ aṣọ láìwọn ẹni tó ni ín. Ṣé aṣọ wá níyì ju ara ọmọ wa lọ ni?