Ẹni Tó Mọ Àdán Ni Í Fi Òòbẹ̀ Ṣẹbọ

"Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Òwe yìí kì í ṣe àjèjì létí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àgàgà ní Ìsánlú-Ìsin níbi tí a bí mi sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣàkíyèsí pé ẹnu ọ̀lẹ ni ó ń gbé jù. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó fi igi tí kòkòrò ti jẹ kan ilẹ̀kùn yóò pa á, aránṣọ tí ó fi òwú pupa rán aṣọ aláró yóò pa á, oníṣẹ́ tí kò fẹ́ rìn dé ọjà kejì yóò sì pa á pẹ̀lú, àfi bí ẹni pé ohun tí àwọn baba wa ń wí ni pé ohunkóhun tí ọwọ́ bá ti bà, kí a máa lò ó.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ínfátà ilé wa dákẹ́ ní òru ọjọ́ kan, òórùn ike tó jóná sì gba yàrá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe dé ní òwúrọ̀, ó tú ikùn rẹ̀, ó sì fi hàn mí pé àwọn tiransísítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí í gba agbára bátìrì kọjá ti bẹ́ lórí pánẹ́ẹ̀lì. IRF3205 ni a kọ sí wọn lára. Kò rí irú rẹ̀ nítòsí, ó bá fi IRFZ44N tí ó wà nínú àpò rẹ̀ dípò, ó ń fi áyọ́ọ̀nù jó wọn mọ́lẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́: "Bàbá, bí a ò bá rí àdán..." Èmi náà bá a parí rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi bú gbàù. Ẹbọ náà kò fín.

Ohun tí ó ṣe é kò fara sin fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí à ń wò. Àwọn méjèèjì dà bí ìbejì: ìrísí kan náà, ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, fóòtì 55 sì ni ìwé fi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n áńpù 110 ni ìwé wí pé IRF3205 lè gbà kọjá, nígbà tí IRFZ44N kò ju 49 lọ. Ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni a gbé ru ewúrẹ́.

Ọ̀ràn yìí ni ó gbé ọkàn mi padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Onírédíò, tí ó kọ́ iṣẹ́ wáyà àti rédíò lẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà ogun Bọ́mà, tí ó sì padà wálé wá tẹ́ tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Àna rẹ̀ kan tí ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù a máa fi ìwé ńlá kan ránṣẹ́ sí i láti ilé ìtajà Henry's Radio ní òpópónà Edgware, èyí tí a ń pè ní kátálọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ ojú irin yóò já a sí Ọ̀fà, bọ̀lẹ̀kájà yóò sì gbé e gba Àjàṣẹ́ wọ ilẹ̀ wa. Ọjọ́ tí ó bá dé, a kì í tètè sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, nítorí pé títí di ọ̀gànjọ́ ni èmi yóò fi gbé àtùpà dání tí bàbá yóò máa fi ìka tẹ̀lé ìlà.

Nínú ohun mẹ́wàá tí ó wà nínú ìwé náà, a kò lówó láti ra ẹyọ kan. Kì í sì í ṣe ọjà rírà nìkan ni bàbá ń tìtorí rẹ̀ kà á. Ó ní níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ni oríkì rẹ̀ wà: iye fóòtì tí ó lè fara dà, iye iná tí ó lè gbé, ẹsẹ̀ tí ó ń gbà wọlé àti ẹsẹ̀ tí ó ń gbà jáde. Rẹ̀sísítọ̀, tí àjèjì yóò rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé ni nítorí òrùka aláràbarà ara rẹ̀, kò gba òǹkà lójú mi títí bàbá fi sọ àwọ̀ rẹ̀ di ohun ilé wa, láti òdo dé ẹ̀sán: dúdú, obì, pupa, ọsàn, ìyeyè, ewéko, aró, àlùkò, eérú, funfun. Obì, dúdú àti pupa, èyí já sí oókan, òdo, àti òdo méjì sí i. Óòmù 1,000 nìyẹn.

Bí tiransísítọ̀ OC81 inú rédíò oníbàárà bá kú, tí kò sì sí òmíràn, bàbá kò ní sáré. Yóò ṣí ìwé, yóò wá àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀, yóò sì bi wọ́n ní ìbéèrè ìdílé, bí ẹni tí ń wádìí àfẹ́sọ́nà fún ọmọ rẹ̀. Ṣé jámáníọ̀mù ni, tàbí sílíkónì? Ṣé PNP ni, tàbí NPN? BC108 náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ara rẹ̀ sì ń dán, ṣùgbọ́n sílíkónì ni, NPN sì ni. Ọ̀nà tí OC81 ń gbà jáde ni tirẹ̀ ń gbà wọlé. AC128 ni ó bá a tan, tí ó tún lágbára jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí bàbá fi mú pẹ́ńsùlù tí ó kọ ọ́ sí etí ìwé: "OC81: AC128." Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ, ẹni tí kò mọ àdán, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òòbẹ̀ ni àbúrò rẹ̀?"

Ìgbà kan wà tí ó fẹ́ ẹ̀rọ tí ìmọ́lẹ̀ yóò máa ta jí. OCP71 ni kátálọ́ọ̀gì pè é, owó rẹ̀ sì ga ju agbára wa lọ. Ṣùgbọ́n bàbá ti fi ìlà oríkì rẹ̀ wé ti OC71, ọ̀kan tí kò wọ́n tí ó pọ̀ nínú rédíò àtijọ́, ó sì ti rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àti pé ọ̀dà dúdú tí a fi kun ìgò OC71 ni kò jẹ́ kí ó ríran. Ó mú abẹ, ó rọra ha ọ̀dà náà kúrò lẹ́sọ̀lẹsọ̀, títí ìgò tín-ín-rín náà fi ń kọ mànà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí oòrùn ti yọ lẹ́yìn ilé, aago kékeré tí ó so mọ́ ọn dún. Òòbẹ̀ gidi nìyẹn, tí ẹbọ fi fín.

Kátálọ́ọ̀gì irú èyí ti di ìtàn lọ́dọ̀ àwọn ilé ìtajà tí ń tẹ̀ wọ́n. Radiospares tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937 ṣì ń tajà, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kó púpọ̀ rẹ̀ lọ. RadioShack tí a bí ní Boston ní 1921 wọ gbèsè dé ilé ẹjọ́ ní 2015. Maplin tí a dá ní Essex ní 1972 ti gbogbo ilé ìtajà rẹ̀ pa ní 2018. Lọ́dọ̀ tiwa, láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 1986, ẹni tí yóò fi owó ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí kapásítọ̀ kan kò wọ́pọ̀ mọ́. Ọjà Alábà ní Èkó ni a ń lọ, tàbí kí a já ohun tí a fẹ́ lára pánẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀. Ewu tuntun sì wọlé, nítorí pé àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan ń ha orúkọ ara tiransísítọ̀ kékeré kúrò, wọ́n ń tẹ orúkọ ńlá lé e. Òòbẹ̀ ti ń jẹ́ àdán lójú ọjà, ẹni tí kò mọ oríkì ni wọ́n sì ń tà á fún.

Síbẹ̀ n kò ní sọ pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ. Ohun tí Bàbá Onírédíò fi oṣù mẹ́ta retí láti Ọ̀fà, ọmọkùnrin ínfátà yẹn lè fà á sórí fóònù rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, láìsan kọ́bọ̀ fún ìwé náà. Ṣùgbọ́n fóònù a máa dá a lóhùn nípa ẹni tí ó bá dárúkọ rẹ̀, nígbà tí kátálọ́ọ̀gì a máa fi gbogbo ẹbí hàn án lójú ewé kan, àti àwọn tí kò wá àti àwọn tí kò mọ̀ rárá. Àwa Ìgbómìnà, tí ìtàn wí pé àdá ogbó ni ó mọ̀nà fún àwọn baba wa, kò yẹ kí a gbàgbé pé ẹni tí ó di ogbó náà mú ṣì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà padà wá, n kò bá a jà. Mo ní kí ó fa ìwé àwọn méjèèjì jáde lórí fóònù, kí ó kà wọ́n sí mi létí ní ìlà-ìlà. Nígbà tí ó dé 110 tí ó sì tún dé 49, ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, èmi ni mo ṣì í." Ọjọ́ kẹta ni ó tó rí IRF3205 gbà láti Ìlọrin. Kí ó tó lọ, mo fi ìwé àtijọ́ náà hàn án, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù etí rẹ̀ tí ó ti ń ṣá. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín sí iye owó tí a fi ṣílè kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìwé àjákọ ọmọ ilé-ìwé kan wà lórí tábìlì rẹ̀, tí ó ti fi rúlà fa ìlà sí: orúkọ, fóòtì, áńpù, ẹsẹ̀. IRF3205 ni ó kọ sí òkè pátápátá, ó sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún òòbẹ̀ tí kò tíì rí.