Ẹ Ṣọ́ra! Ilé-Iṣẹ́ Tí Àjèjì Bá Ní Ṣíà Nínú Rẹ̀ Kò Lè Sá fún Ọ́dítọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá òyìnbó, ará Ṣáínà, ará Íńdíà tàbí ará Lẹ́bánónì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọba Akran, ní Ògbà, ní Agége, ẹ tẹ́tí ẹ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń báni sáré ìwé ní Aláúsá bá sọ fún yín pé, "Ilé-iṣẹ́ yín ṣì kéré, ẹ ò nílò ọ́dítọ̀," irọ́ ni. Gbèsè ló ń pè yín sí.

Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí irọ́ náà, ìdí nìyẹn tó fi ń wọni létí. Òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 2020, CAMA, yọ̀ǹda fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké kó má gba ọ́dítọ̀, bí owó tó ń pa lọ́dún kò bá ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ, tí ohun tó kù nínú dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju mílíọ̀nù 60. Ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ló ní àjèjì kankan kò gbọdọ̀ sí láàárín àwọn tó ni ín. Ẹyọ ṣíà kan péré lọ́wọ́ àna yín tó jẹ́ ará Jámánì, àǹfààní náà ti bọ́. Ọ́dítọ̀ di dandan, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà di dandan.

Àwọn mìíràn á ní, "Akáńtáǹtì wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe é." Kó máa ṣe é. Àmọ́ Nàìjíríà ni òfin ní kí ìwé owó yín wà, ọdún 6 sì ni ẹ ó fi tọ́jú rẹ̀. Ọ́dítọ̀ tó máa fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akáńtáǹtì ICAN tàbí ANAN, kó sì ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ FRC, àjọ tó ń mójú tó ìròyìn ìṣúná. Bàbá Akíntọ́lá Williams pàápàá, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí ṣátà, ní Ìlú Ọba ní 1949, padà wálé wá ṣe iṣẹ́ náà ni. Nígbà tí wọ́n dá ICAN sílẹ̀ ní 1965, ó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀.

Ṣé dandan ni kí ẹ wá gba akáńtáǹtì sí iṣẹ́ olówó oṣù? Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ pé kí ẹ wá ẹnì kan nílé níbí, nítorí ọjọ́ kì í dúró de ẹni tó wà lókè òkun. Owó-orí tí ẹ yọ lára owó òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ LIRS, àjọ owó-orí ìpínlẹ̀ Èkó, ní Aláúsá níbí, kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Ti VAT, ọjọ́ 21, bí ẹ ò tiẹ̀ ta abẹ́rẹ́. Lábẹ́ òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2026, ẹni tí kò bá fi ìwé owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́ yóò san 100,000 náírà fún oṣù àkọ́kọ́, àti 50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí owó àjèjì bá sì wọlé tí ẹ ò gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní báńkì, ọ̀nà tí èrè rẹ̀ máa gbà padà sọ́dọ̀ olówó yóò há.

Kí ẹni tó ń kọ ìwé owó yín má sì tún jẹ́ ọ́dítọ̀ yín o. Àní bí àwọn méjèèjì bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ máa là wọ́n lójú. Àgídìngbí ò jìnnà sí wa: ní ìparí ọdún 2006 ló hàn pé wọ́n ti ń bu iyọ̀ sí ìwé owó Cadbury Nigeria fún ọdún bíi mélòó kan, bílíọ̀nù 13 sí 15 náírà ni àwọn olùwádìí ní ó fi lé. Àjọ SEC, tó ń mójú tó ọjà ṣíà, bu owó ìtanràn lé àwọn ọ́dítọ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, kí ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà FRC rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ ICAN tàbí ANAN. Bó bá ń yí ọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ gba fáìlì yín lọ́wọ́ rẹ̀.