Owó Corolla Kò Ra Benz

Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò bá ju èyí tó lè ra Toyota Corolla tòkunbọ̀ lọ, tí kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má ra Mercedes C300. Kò kàn mí bí dílà bá ní iye kan náà lòun yóò gbà á. Pé ó fẹ́ gbà á ní iye kan náà gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù.

Nígbà tí C300 ti ìran C-Class tí wọ́n ń pè ní W204 dé ọjà Amẹ́ríkà bí ọkọ̀ ọdún 2008, iye rẹ̀ ní tuntun lé ní $30,000. Corolla ọdún náà kò tó $20,000. Lónìí, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Bẹ́gà l'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn, ẹ óò bá àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iye tí wọ́n ń pè wọ́n kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ta ló ṣe yín lóore yẹn? Kò sí ọlọ́jà tó ń ta ọjà nítorí àánú. Àwọn tó ti lo ọkọ̀ náà, tí wọ́n mọ ohun tó ń jẹ, ló ń sá fún un, òun ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Iye ọkọ̀ já wálẹ̀, ti páàtì rẹ̀ kò já.

N kò bá Benz jà o. Láti 1982 tí wọ́n ti gbé 190 jáde, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Baby Benz, ni àwọn ará Jámánì yìí ti ń kó ìgbádùn ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì dán mọ́rán. Bí ẹ bá wa C-Class tó pé lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ óò mọ̀ pé ẹ jókòó sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tó pé ni mo wí.

Ẹ bi mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ léèrè ohun tó ń ṣe W204. Mọ́tò kékeré kan wà nídìí sítíárìn, òun ló ń ṣí àgádágodo rẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè tan. Lọ́jọ́ tó bá kú, kọ́kọ́rọ́ á wọlé, kò ní yí. Iná kan ṣoṣo kò ní tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ tó gbé yín dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ kò ní gbé yín padà sílé. Ríwáyà àdúgbò kò lè fi wáyà tàn án, àfi ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Benz. Nínú C180 àti C200 Kompressor, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì a máa fà, eyín irin tó ń gbé e a máa jẹ; bí ṣéènì náà bá fo eyín, fáàfù àti písítìn á forí gbárí, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì M272 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, pàápàá nínú C-Class tó ṣáájú W204, ọ̀pá irin kan wà tí jíà orí rẹ̀ ń jẹ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọ̀ràn náà dé kóòtù ní Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ irin yẹn, odidi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀.

Dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó páàtì wọlé. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì; nígbà tó di 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Owó oṣù ta ló tẹ̀lé e lọ sókè? Ẹni tó lọ ra páàtì Corolla ní Ládípọ̀ á rí tuntun, á rí àlòkù tí wọ́n ń pè ní bẹ́ljíọ́ọ̀mù, á mú èyí tí apá rẹ̀ ká. Kọ̀ǹpútà gíà tí wọ́n bá yọ lára Benz ẹlòmíràn lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò mọ ọkọ̀ yín rí, lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó rẹ̀ tán.

Wọ́n á ní Benz lágbára, pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá, ọjà gbàǹjo bíi Copart àti IAAI ni wọ́n ti rà á, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ti ń ta ọkọ̀ tó ti fẹnu sọlẹ̀ tàbí tí omi ti bò. Mo bá àbúrò mi kan lọ wo C300 dúdú kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán bíi dígí. A da nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, ẹyọ 17, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú kọ, a tẹ̀ ẹ́ sínú Google. Fọ́tò gbàǹjo jáde: ọkọ̀ yẹn kan náà, imú rẹ̀ ti wọnú, airbag méjèèjì ń ṣe jọ̀jọ̀lọ̀ níwájú àga. Dáṣíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú wa ń dán, wọ́n ti fi awọ tuntun bò ó. A yí kọ́kọ́rọ́. Iná airbag yẹ kó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú; èyí kò tàn rárá, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Dílà náà wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí tòkunbọ̀ tí kò ní tiẹ̀." Ìyàwó àti ọmọ àbúrò mi ni wọn ì bá máa gbé jókòó sídìí dáṣíbọ́ọ̀dù òfìfo yẹn. Ọ̀gbẹ́ni náà mọ̀, ó sì fẹ́ gbowó.

Mo mọ̀ pé ká rí mi ló ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa. A fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀wàńbẹ̀ tètè ṣílẹ̀kùn, kí àna bọ̀wọ̀ fún wa. Ìràwọ̀ imú ọkọ̀ á ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fi okùn fà á wọ àdúgbò. Owó ilé ìwé ọmọ ni ẹ óò fi ra irin tí ẹnikẹ́ni kò lè rí lójú.

Ẹni tó lówó, kó rà á. Ìlànà tèmi ni pé kí ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ náà wà nílẹ̀ fún àtúnṣe kó tó sanwó. Kó dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì: bó bá ti gbóná, wọ́n ti tàn án dè é nítorí ariwo ṣéènì, tó máa ń pariwo jù bí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Kó fa bẹ́líìtì jáde dópin, kó wo ọdún tó wà lára ìwé ìdí rẹ̀ bóyá ó bá ọdún ọkọ̀ mu. Kó fọwọ́ kan abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì iwájú bóyá ẹrẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀.

Ìjọba náà jẹ̀bi. Láti 2022 ni àwọn aṣọ́bodè ti ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn ṣírò owó orí ọkọ̀. Nọ́ńbà tó lè sọ iye tí ìjọba máa gbà fún wọn, ó lè sọ fún ẹni tó ń rà á pé ọkọ̀ náà ti forí gbá rí. Kí wọ́n fi dandan lé e pé kí dílà lẹ ìtàn ọkọ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀, kí ẹni tó bá fi pamọ́ sanwó ìtanràn. Kó tó dìgbà náà, ẹ tẹ nọ́ńbà náà fúnra yín kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ kan. Bí dílà bá ní òun kò ní àkókò fún irú ìyẹn, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta Corolla lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.