Ilé Tó Wó Ku Ìdajì: Ẹ Lé Ènìyàn Jìnnà Sí I

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2016, apá kan ilé bọ́ílà ní ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Didcot A, ní Oxfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàdédé wó lulẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń palẹ̀ mọ́ láti wó o. Èèyàn 4 bá a lọ. Láti ọdún 1970 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi èédú pèsè iná, kó tó di pé wọ́n tì í pa lọ́dún 2013. Òkú 3 ló há sábẹ́ àwókù, apá ilé tó kù sì dúró lórí wọn. Àwọn aláṣẹ pinnu pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ìpinnu tó korò ni, ṣùgbọ́n mo gbà pé òun ló tọ́.

Nígbà tí ilé onírin bẹ́ẹ̀ wà lódidi, òpó kọ̀ọ̀kan ní ẹrù tirẹ̀, ìwé àwòrán ẹnjiníà sì sọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Bí apá kan bá ti ya lulẹ̀, ẹrù ti ṣí nípò nìyẹn. Irin tí wọn kò ṣe fún ẹrù ló wá ń rù ú, òmíràn á sì tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun tí ọdẹ fà tí kò tíì ta. Ẹni tó bá fi iná gé e kò mọ ibi tí yóò ta sí. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ní ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè fojú díwọ̀n rẹ̀. Ilé tó ṣì bá ìwé àwòrán rẹ̀ mu ni ìrírí ọ̀gá náà dá lé.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn ẹbí. Ọjọ́ 17 oṣù keje ni wọ́n tó fi ohun abúgbàmù wó ìyókù, rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n sì fi tò ó síbẹ̀. Ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó rí òkú tó kẹ́yìn. Ta ni yóò dá ẹbí lẹ́bi pé inú bí wọn? Síbẹ̀, ẹni tí wọn ìbá rán wọlé lọ gbé òkú náà ní aya àti ọmọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èèyàn ṣì ń mí lábẹ́ àwókù ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, ewu á sì tó fara dà. Ohun tó lè dín ìdúró yẹn kù ni ìmúrasílẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2015 ní kí ètò bí wọ́n á ṣe wó ilé wà lákọsílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí ìwé náà tún sọ ohun tí wọ́n á ṣe bí ilé bá wó ṣáájú àkókò, irú ẹ̀rọ tí wọ́n á lò àti ibi tí wọ́n á ti rí i.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe á ní owó rẹ̀ pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá san án, òṣìṣẹ́ ni yóò fi ẹ̀mí san án. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà l'Ékòó, níbi tí ilé ti ń wó lọ́pọ̀ ìgbà, tí katakata sì ń wá wó ìyókù. Bí kò bá ti sí alààyè lábẹ́ rẹ̀ mọ́, kí ẹnjiníà kọ́kọ́ yẹ ìyókù wò láti òkèèrè, kó sì fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n sì lé èrò sẹ́yìn, títí kan àwọn ọmọ tó ń ṣa irin tà.