A Ń Jẹ Èkuru, A Tún Ń Gbọnwọ́ Sáwo

Àwọn àgbà ní bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà ti ń sọ fún wa pé àwọn fẹ́ dín ìnáwó kù, pé àjọ ìjọba ti pọ̀ jù. Ẹ wo inú àwo náà lónìí, ẹ̀yin ará. Ṣé ó dín?

Lọ́dún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, ó fi Stephen Oronsaye ṣe alága rẹ̀, ó ní kí wọ́n yẹ àwọn àjọ tí ìjọba àpapọ̀ ń bọ́ wò. Nígbà tí wọ́n jábọ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2012, iye tí wọ́n kà jẹ́ 541. Wọ́n ní kí ìjọba dín 263 tí òfin dá sílẹ̀ kù sí 161, kí wọ́n pa 38 rẹ́ pátápátá, kí wọ́n sì da àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà pọ̀. Díẹ̀ ni Jonathan gbà níbẹ̀, díẹ̀ ọ̀hún ò sì kúrò lórí ìwé. Buhari dé, ó gbé ìgbìmọ̀ dìde láti yẹ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ wò. Nígbà tó fi di 2021, ìgbìmọ̀ mìíràn tún ní láti jókòó nítorí àwọn àjọ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí Oronsaye ti kó ìwé rẹ̀ sílẹ̀! Ẹni tí a ní kó fètò sọ́mọ bíbí, ó tún ti bí ìbejì.

Lóṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Tinubu ní àkókò tó, àwọn á ṣe ohun tí ìwé náà wí. A pàtẹ́wọ́. Oṣù keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n kéde ilé-iṣẹ́ mínísítà tuntun fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì buwọ́ lu òfin tó dá àjọ ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún Àríwá-Ìwọ̀ Oòrùn àti Gúúsù-Ìlà Oòrùn. Ká má parọ́ mọ́ wọn: lóṣù kẹwàá, wọ́n pa ilé-iṣẹ́ mínísítà tó ń rí sí eré ìdárayá rẹ́, wọ́n sì sọ ti Niger Delta di ti ìdàgbàsókè gbogbo ẹkùn. Ṣùgbọ́n kí la jèrè bí a bá ń fi ọwọ́ kan gé e, tí a ń fi ọwọ́ kejì gbìn ín?

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní kí mínísítà kan, ó kéré tán, wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ 36 la ní. Orúkọ 48 ni Ààrẹ fi ránṣẹ́ sí Ilé Aṣòfin Àgbà lọ́dún 2023. Ta ló bẹ̀ wọ́n ní èèlé? Ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí wọ́n ní kí a ní sùúrù. Jálá epo di ọ̀wọ́n, owó ọkọ̀ di ohun tí òṣìṣẹ́ ń kàn fi orí rò. Ṣe bó o ti mọ ni wọ́n ń pe ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n, ṣùgbọ́n àwa nìkan ni wọ́n ń ka ìyẹn sí létí.

Ètò ìṣúná ọdún 2023 jẹ́ tírílíọ̀nù náírà 21.83. Ti 2025 jẹ́ 54.99. Àwọn kan á ní náírà ló já, pé ọ̀wọ́ngógó ló wú owó náà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ó ju tírílíọ̀nù 14 lọ nínú ti 2025 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbèsè nìkan, ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹni tí gbèsè ń lé kiri kì í gba ọmọ ọ̀dọ̀ kún ọmọ ọ̀dọ̀.

Wọ́n á tún ní bí a bá pa àjọ rẹ́, ebi á pa òṣìṣẹ́. Akọ̀wé tó ń gba owó oṣù táṣẹ́rẹ́ kọ́ là ń bá wí jàre. Olùkọ́ ò tó nílé ìwé, nọ́ọ̀sì ò tó nílé ìwòsàn. Ẹ kó wọn lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Ọ̀gá àgbà, ìgbìmọ̀ alábòójútó, ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ọ́fíìsì ńlá l'Ábújá àti owó ìrìnàjò òkè òkun là ń wí. Àjọ méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan, ìlọ́po méjì gbogbo ìyẹn ni.

Ó wá ku tiwa, èyí sì lọ́rọ̀ gan-an. Nígbà tí àjọ ìdàgbàsókè Gúúsù-Ìwọ̀ Oòrùn dé, kí la ṣe? A jó! A ní àwọn tókù ti gba tiwọn, ó kàn wá. Bẹ́ẹ̀ ti Niger Delta wà níwájú wa. Ọdún 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò tí ìjọba gbà lọ́dún 2021 sì sọ pé ó lé ní 13,000 iṣẹ́ àgbàṣe tí kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Ọmọ ibẹ̀ ló ń darí rẹ̀ o, ọmọ ibẹ̀ náà ni kò sì rí omi mu. Bí ẹkùn kọ̀ọ̀kan bá ń sọ pé kí wọ́n gé tẹlòmíràn, kí wọ́n fi tòun sílẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n máa gé láéláé.

Ariwo wa kì í ṣe lásán. Nígbà tí bílíọ̀nù 5 fún ọkọ̀ ojú omi Ààrẹ yọjú nínú àfikún ìṣúná 2023, a pariwo, àwọn aṣojú-ṣòfin sì darí owó náà sí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká pa irú ariwo yẹn lórí èyí: kí àjọ tuntun kankan má ṣe dìde mọ́, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn méjì àtijọ́ pa. Kí òfin yẹn sì mú tiwa náà.

Bí aṣòfin yín bá tún wálé, ẹ má bi í pé àjọ wo ló gbà bọ̀ fún wa. Ẹ bi í pé èwo ló bá wọn pa rẹ́.