Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ irú ẹ̀rín tí à ń rín

Láti Kambolé dé Tchamba, títí dé Sokodé, eré apanilẹ́rìn-ín orí fóònù ti gba ọjà kan. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irú kan wà tó ń kọ wá lóminú: kí ọ̀dọ́ kan kun ojú, kí ó gbé ọ̀pá lé èjìká, kí ó máa sín àwọn Fúlàní jẹ, kí ó sì sọ darandaran di òmùgọ̀.

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún àwa náà rí. Ní 1930, nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ilé-iṣẹ́ Paramount ní Amẹ́ríkà gbé Anybody's War jáde, eré ẹ̀fẹ̀ lórí Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn òyìnbó kun ojú wọn dúdú, wọ́n sì fi ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú hàn bí ọ̀lẹ àti aláìmọ̀kan.

Òtítọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun dúdú kan láti New York, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 369, lo ọjọ́ 191 lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé. Henry Johnson, ọ̀kan nínú wọn, gba ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Jámánì ní 1918. Faransé fún un ní àmì ẹ̀yẹ Croix de guerre. Amẹ́ríkà kò fún un ní èyí tó ga jù lọ níbẹ̀ títí di 2015. Ó ti kú láti 1929, ọdún kan ṣáájú fíìmù ẹlẹ́yà yẹn.

Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1913, Hans Schomburgk àti Meg Gehrts, tí wọ́n wá láti Jámánì, ya fíìmù ní agbègbè Sokodé. Nínú ọ̀kan, obìnrin òyìnbó ni òrìṣà tí àwọn èèyàn dúdú ń bọ. Àwọn ará ilẹ̀ wa ló ṣeré, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló pa ìtàn wọn.

Lónìí, kámẹ́rà ti bọ́ sọ́wọ́ wa. Ṣé ohun tí wọ́n fi ṣe wá ni a ó fi ṣe aládùúgbò wa? Ẹni tí a bá ti fi ṣe ẹlẹ́yà títí, kì í pẹ́ tí a ó fi máa rò pé ìyà tọ́ sí i. Bí màlúù bá wọ oko lọ́la, ta ni yóò fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé rẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣeré, ẹ kọ́kọ́ fi han ẹni tí ẹ ń sín jẹ. Bí òun náà bá rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e jáde. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí èyí tó ń tàbùkù ẹnikẹ́ni bá dé orí fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.